Orin Tí Lájídé Fi Dá Ìyàwó Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ pa nǹkan yẹn ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jó. Ọjọ́ ìsinmi ni, ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì Oud Metha ní Dubai dé, ẹ ti jẹ ìrẹsì ọmọ mi yó, kí lẹ ó tún ṣe bí ẹ ò bá jó? Ṣùgbọ́n orin tẹ́ ẹ gbé sórí fóònù yẹn, tí gbogbo yín ń nawọ́ sí i bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tẹ́ ẹ máa gbé e sí i láàárín wákàtí kan, ibi tí ọkùnrin inú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín gan-an lẹ sì ń dá a padà sí. Ẹ jókòó. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín tí èèyàn ń jó sí.

Ẹ ń wò mí bí ẹni wo arúgbó tó ń purọ́. Àwọn ọmọdé òde òní ti da ìlù tiwọn lé orin náà lórí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gìtá kan wà níbẹ̀ tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń fa létí. Gìtá tí a máa ń tẹ́ sórí itan nìyẹn, tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ọwọ́ tó ta á náà ló di ife tíì yìí mú lójú yín. Kọ́ńtírì là ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, orin àwọn òyìnbó oníbàtà gíga, orin ilé-ọtí, orin ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ. Bàbá mi tí kò gbọ́ òyìnbó kan máa ń jókòó ti rédíò ní ọ̀sán Sunday, á máa sunkún sí i. Bí ìyá mi bá bi í pé kí ni wọ́n wí, á ní, “Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n.”

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, Al Khan ní Sharjah níbí, tẹ́ ẹ ń wò láti ojú fèrèsé yẹn, ọkọ̀ àwọn apẹja àti iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí metro, ọkọ̀ ojú irin Dubai yẹn. Friday la ń sinmi, nítorí náà Friday la ń jọ́sìn Sunday wa, àwọn ará ilé wa ò sì gbà pé irú ìsìn bẹ́ẹ̀ ń gòkè lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwa mẹ́fà là ń gbé yàrá kan ní Deira, ní Dubai, ibùsùn lórí ibùsùn, bedspace tẹ́ ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yẹn. Ẹni tó wà lókè ò gbọdọ̀ mu omi púpọ̀, nítorí tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀, orí ẹni ìsàlẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Mùsùlùmí mẹ́ta, onígbàgbọ́ mẹ́ta. Bí Iléyá bá dé, gbogbo wa là ń jẹ ẹran. Bí Kérésì bá dé, gbogbo wa là ń jẹ ìrẹsì. Bí ààwẹ̀ bá dé, àwa tí kò gbààwẹ̀ á lọ fara pamọ́ sí ilé ìwẹ̀ ká tó bu búrẹ́dì jẹ, ojú á sì máa tì wá níbẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tó ń dé Ìbàdàn kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò lẹ́nu. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó pa á rẹ́, á dà bí ẹni pé ẹ ò sọ ọ́ rí. Àwa, kásẹ́ẹ̀tì là ń rán. Tẹlifóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ta lẹ fẹ́ pè ní Òdogbolu nígbà náà? Nítorí náà, bó bá di ọ̀sán Friday, èèyàn á jókòó síwájú rédíò alájùmọ̀lò tó wà ní yàrá wa, á tẹ bọ́tìnnì pupa, á sì bá ilé sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń wá ra ọjà ní Deira ló ń bá wa gbé e lọ sí Èkó, láàárín bàtà àti aṣọ àti páànù. Èsì á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin.

Ọkùnrin kan wà nínú wa tó máa ń pariwo sínú ẹ̀rọ náà títí ọrùn rẹ̀ á fi le, nítorí ó ní Abẹ́òkúta jìnnà. Lọ́jọ́ kan tó ń kí ìyàwó rẹ̀ báyìí, àwọn méjì ń jà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹja díndín tí ẹnì kan jẹ tí kò sọ. Kò pa ẹ̀rọ, kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Lẹ́yìn oṣù kan, kásẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ dé. Ó kí ọkọ rẹ̀ tán, ó wá dá ẹjọ́ ẹja náà láti Abẹ́òkúta, ó ní ẹni tó wà nítòsí àwo ló jẹ ẹ́, kó tọrọ àforíjì. Òótọ́ ló sì sọ, ẹni náà gan-an ló jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Bí kásẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá dé, tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àwa tó kù á kọjú sógiri. Ẹni tó ń lọṣọ á máa lọṣọ, ẹni tó ń sùn á máa sùn, ohun tétí wa bá sì gbọ́, ẹnu wa ò gbọdọ̀ gbé e. Mo ti gbọ́ ikú ìyá ọlọ́mọ báyìí, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe bímọ tí ọkọ ò sí nílé lọ́dún náà, mo sì kọjú sógiri. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo ni rédíò náà, èmi náà sì ni oníṣègùn kásẹ́ẹ̀tì. Oòrùn máa ń yọ́ wọn nínú ẹrù, rìbọ́ọ̀nù inú wọn á tú síta bí ìfun ẹja. Màá fi bíró yí i padà, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó bá já pọ̀, màá sì gbé e sínú ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó yè. Níbẹ̀ náà, òfin wà: ka ení dé ẹ̀wá, kó o pa á, kó o fún olówó rẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà sọ fún mi pé oníṣègùn kì í rántí ìhòòhò.

Lájídé dé sí yàrá wa lọ́dún kẹta mi. Ilé ìkẹ́rùsí kan níbi tó wá di Dubai Investments Park lẹ́yìn náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń di táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ sínú páálí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Òdogbolu. Tó bá kí èèyàn tán, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ní ọ̀sán kan tó ń fọ aṣọ, mo gbọ́ ohùn kan nínú ilé ìwẹ̀ tí ife fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ro pé rédíò ni. Ọmọkùnrin tí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta ni, ohùn tí mo ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta gìtá sì wà lọ́fun rẹ̀.

Ẹ má rò pé inú mi dùn. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó tún korò. Mo ti ta gìtá fún àwọn òyìnbó elépo ní ilé-ìtura Deira títí ìka mi fi le bí ìwo, orin olórin ni mo ń kọ, nígbà tí mo bá sì la ẹnu, wọn á máa bára wọn sọ̀rọ̀ lọ. Mo mú ọmọ yìí lọ síbẹ̀, ó kọrin lẹ́ẹ̀kan péré ní Thursday kan, gbogbo ilé dákẹ́. Mo jowú rẹ̀. Mo jowú rẹ̀ títí mo fi ń fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ò ní mọ bó ṣe ń rí, ẹ kò tíì dàgbà.

Máníjà ilé-ìtura náà, ará Lẹ́bánónì kan, pe èmi àti Lájídé, ọmọ Íńdíà tó ń ta gìtá báàsì àti ọmọ Filipino tó ń lùlù. Ó ní, “Habibi, gbogbo hotel ló ní ẹni tó ń kọ orin àwọn ẹlòmíì. Bring me your own song, one song. Tí kò bá sí, khalas, ó tán nìyẹn, mo máa mú band mìíì.” Ó fún wa ní oṣù kan àbọ̀. Mo jókòó ti gìtá, mo kọ, mo fà á ya. Kọ́ńtírì kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ọgbọ́n kọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ń dun ẹnì kan, kò sì sí ohun tó ń dùn mí nígbà náà ju pé mi ò rí nǹkan kọ.

Àsìkò Lẹ́ǹtì ni Alhaja Sìkírátù dé láti Èkó. Ọdọọdún ló ń wá ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, márùn-ún, èèyàn títóbi tó ń dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà Deira títí wọ́n á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ti Lájídé ti bàjẹ́ díẹ̀ o. Ìyàwó rẹ̀ gbé e wá bá mi ní Èkó fúnra rẹ̀. Ó ní kí n má fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe, abi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lájídé wà níbi iṣẹ́. Mo dá wà ní yàrá, ọ̀sán gangan. Mo tún kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe, mo gbé e sínú ẹ̀rọ.

Mo ka ení dé ẹ̀wá. Mi ò pa á. Mo ka ogún. Nígbà tó yá, mi ò kà mọ́.

Ohùn obìnrin náà ò gbọ̀n, kò sunkún. Ó ní, “Lájídé, èmi Àṣàkẹ́ ni. Mo rí aṣọ gbà, mo rí bàtà gbà, o ṣeun. Má fi aṣọ ránṣẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́ta rèé, mi ò gbọ́ ohùn rẹ ju ‘ẹ kú ilé o’ lọ. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ̀ pé mo lọ́kọ, ojú ń tì í, síbẹ̀ ó ń kàn án. Ọkọ mi, ṣé kí n ṣí i? Bó o bá ní kí n má ṣí i, mi ò ní ṣí i títí màá fi kú. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ o, má fi rán ẹnikẹ́ni. Mo máa dúró dè ọ́ di Àjíǹde.” Lẹ́yìn ìyẹn, adìẹ kan ké níbì kan, obìnrin náà sì pa ẹ̀rọ.

Òótọ́ ló sọ. Lájídé tó lè kọrin tí ilé-ọtí á fi dákẹ́, bó bá jókòó síwájú rédíò láti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, á tẹ bọ́tìnnì, á ní “ẹ kú ilé o,” ojú á tì í, á pa á. Á wá lọ ra aṣọ dípò rẹ̀. Àwa a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, mi ò ní bù kún un, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Mo mú bíró, mo sì ń gbọ́ ọ, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, ọkọ mi, ṣé kí n ṣí i? Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, mo ti ní ẹsẹ mẹ́ta àti ègbè. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ara mi ń yá gágá. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ìbọ̀sẹ̀ mi, mo ti ìbọ̀sẹ̀ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nítorí bí Lájídé bá gbọ́ ọ, ilé ló máa gbà lọ. Ta ló máa wá kọ orin náà?

Ìwọ Bùsọ́lá, ìwọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, o ń mi orí. O ní kí ló dé tí mi ò fún un kó kọrin tán kó tó lọ. Ọmọ mi, mo sọ fún ara mi pé ohun tí màá ṣe gan-an nìyẹn. Òṣìkà kan ò tíì sí láyé yìí tí kò ní ètò rere fún ọ̀la.

Ìlú Sharjah yìí, tí wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, la ti kọ orin ilé-ọtí náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ará Kerala kan láti Íńdíà ní yàrá kékeré kan ní Rolla, àárín ìlú níbí, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tẹ́lọ̀, ó ń bá àwọn tó ń ta lọ́fínńdà gba ohùn ìpolówó sílẹ̀. Páálí ẹyin ló lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má bàa wọlé. Ó pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí ó ń kùn, gbogbo wa sì ń làágùn bí ẹran tí wọ́n ń sè. Ọ̀sán Friday ni. Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lájídé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Alhaja ti Lagos dé. Ṣé kò gbé nǹkan kan wá fún mi ni?”

Mo ní, “Kò gbé nǹkan kan wá.”

“Àṣàkẹ́ ti ń bínú sí mi nìyẹn.”

“Obìnrin ń bínú, obìnrin ń rọ̀. Wo ìwé rẹ, jàre.”

Ó wo ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kì í yára kàwé. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fi orin yìí bá wí?”

Mo ní, “Òmùgọ̀ ọkùnrin kan ní Deira.”

Ó mi orí. Ó ní, “Òmùgọ̀ ni lóòótọ́. Ta ló máa gbọ́ irú ìbéèrè yìí látẹnu ìyàwó rẹ̀ tí kò ní fi ẹsẹ̀ rìn délé?”

Ọmọ Íńdíà ka ení, èjì, ẹ̀ta, a sì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ẹsẹ kìíní bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ gan-an, jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n, bí ẹni tó gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ìparí ègbè, níbi tí mo fi sílẹ̀ fún gìtá, inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tí mo bá a sọ ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, “Ṣí i fún un, jàre, òtútù lè máa mú un,” ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Filipino rẹ́rìn-ín. Ará Kerala tí kò gbọ́ Yorùbá kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀. Ó ní ká má tún un kọ, ibi ẹ̀rín yẹn ló dára jù. Ibẹ̀ náà lẹ ń dá padà sí lórí fóònù yín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Alhaja gbé ọgbọ̀n kásẹ́ẹ̀tì orin náà lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ kejì. Kó tó lọ, ó bi mí, “Ṣé Lájídé ti gba tìyàwó rẹ̀?” Mo ní ó ti gbà á. Ó ní kí ni èsì? Mo ní á fi ránṣẹ́. Ẹ wò ó, bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èèyàn ń pa á, ẹnu kì í dun èèyàn.

Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání lọ sí Oud Metha lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Inú àpò ṣòkòtò mi ló wà. Èrò pọ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ìjọ kan ń jáde, òmíràn ń wọlé, oòrùn ń pa gbogbo wa pọ̀. Lájídé dúró tì mí, ó ń gbé ohùn kejì sí orin Àjíǹde. Lẹ́yìn ìsìn, ó bọ́ ọsàn kan, ó pín in, ó fi ìdajì tó tóbi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ̀yin lẹ sọ mí dèèyàn nílùú yìí.” Mo ti fi ọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpò. Mo yọ ọwọ́ jáde, mo gba ọsàn. Thursday tó ń bọ̀, máníjà ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbọ́ orin wa.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé èsì ti dé Òdogbolu lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ètò kan wà lórí rédíò ní Èkó nígbà náà tó ń to orin mẹ́wàá tí àwọn èèyàn ń bèèrè jù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alhaja ní ìbátan kan níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ Ọ̀pẹ, wọ́n gbé orin wa sí i gẹ́gẹ́ bí ìkẹwàá. Àṣàkẹ́ wà ní ìsọ̀ onídìrí, wọ́n ti di irun rẹ̀ dé ìdajì. Ohùn tó ti ń bẹ̀ láti ọdún mẹ́ta jáde látinú rédíò ìsọ̀ náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, láìdín láìlé, lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó bi í pé ṣé kóun ṣí i. Ọkọ rẹ̀ ní kó ṣí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà ní ìsọ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ó jókòó kí wọ́n di irun náà tán.

Orin náà ń gòkè sí i. Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá dé ló ń mú ìròyìn wá: ó ti di ìkẹfà, ó ti di ìkẹta. Lóṣù kẹjọ ó dé ipò kìíní, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọba. Wọ́n ń lù ú ní gáréèjì, wọ́n ń lù ú níbi ìgbéyàwó, àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Máníjà fi páálí ńlá kọ orúkọ wa sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òyìnbó elépo tí kò mọ ohun tó wí ń lu tábìlì sí i. Èmi náà ra bàtà gíga. Ẹ̀yin náà ì bá ti rà á.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, wọ́n ní kí Lájídé wá ṣeré ní Èkó. Ó di ẹrù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ti Àṣàkẹ́. Ó ní òun ti mọ ohun tóun máa sọ fún un, òun ti ń fi kọ́ra níbi tí àwọn ti ń di táìsì. Mi ò sùn láti ọjọ́ tó lọ. Alhaja ló bá a dé Òdogbolu, Alhaja náà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ àdúgbò dá a mọ̀, wọ́n tò tẹ̀lé e láti ibùdókọ̀, wọ́n ń kọ orin rẹ̀ fún un, wọ́n ń pariwo ‘ṣí i fún un’ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àgádágodo ló bá níbẹ̀. Wọ́n júwe ilé kejì fún un. Ó kan ilẹ̀kùn. Àṣàkẹ́ jáde, oyún wà nínú rẹ̀. Ó kí i dáadáa. Ó ní, “O ní kí n ṣí i. Mo ṣí i.”

Lájídé ní kí ló ń sọ. Obìnrin náà wo Alhaja, ó ní, “Ṣé ẹ ò jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán yín fún un ni?” Alhaja búra pé òun fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé èmi lọ́wọ́ ní Deira. Àwọn ọmọdé ṣì ń kọrin.

Mo ti mọ̀ pé ó máa padà, nítorí físà rẹ̀ ò tíì tán. Mo ti pinnu pé tó bá fẹ́ lù mí, kó lù mí, mi ò ní gbọ́wọ́ sókè. Ìrọ̀lẹ́ Tuesday ló wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí símẹ́ǹtì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o.” Ó tú àpò, ó gbé gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò méjì fún mi, ó ní ìyá òun ló ní kóun kó o wá fún mi. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ó ń wò ó lójoojúmọ́ tí mi ò jẹ ẹ́, kò sì bi mí. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé, ó gbé e, ó wò ó, ó fi sínú àpò. Mi ò rí i kó gbọ́ ọ rí.

Mo rò pé á kúrò nínú ẹgbẹ́. Thursday, ó dé, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ilé, ó kọjú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín, bó ṣe rẹ́rìn-ín ní Rolla gẹ́lẹ́, kò dín, kò lé. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo Thursday. Tí mo bá gbójú sílẹ̀ wo gìtá, á dúró, kò ní rẹ́rìn-ín àfi tí mo bá gbójú sókè. Mo kọ́ láti tètè gbé e sókè. Níta, ó ń kí mi, ó ń bá mi gbé ẹrù, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, òun ló bọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n lósì. Kò sẹ́ni tó fi ìyà jẹ mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tó yá, ilé-ìtura náà mú ọmọ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà lu orin, wọ́n sì ní kí àwa máa lọ. Ibi iṣẹ́ Lájídé náà fi ìwé lé e lọ́wọ́ pé iṣẹ́ tán, kó padà sílé. Èmi ni mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, àárọ̀ ọjọ́ Monday, ilẹ̀ ti mọ́. Ó ti gba ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Ìlà àwọn èrò ń gbé e lọ. Mo mọ̀ pé tó bá wọlé, ó ti tán, mi ò ní rí i mọ́ láyé yìí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Níwájú gbogbo èèyàn, àwọn ọlọ́pàá ń wò wá, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, “Lájídé, nítorí Ọlọ́run, sọ nǹkan kan fún mi. Bú mi. Ohun tó bá wà nínú rẹ, sọ ọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde. Ó gbọn eruku kúrò láyà ẹ̀wù mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ẹ máa fi kọrin.”